Ohun Tí Ihò USB Ń Sọ Nígbà Tó Bá Kọ Iṣẹ́

Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń ti fláàṣì, okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí ti fóònù bọ̀, ni ọ̀nà tí ohun tó wà lóde ń gbà bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, orúkọ tí gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n sí ni USB. Ní Ifákọ̀, ní apá Gbàgádà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, bó ṣe rí náà ní Kétu àti Ìkòsí, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n sì ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ èsì ìdánwò jáde kò lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn láìsí ihò yìí, torí pé inú fláàṣì ni oníbàárà ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá, okùn USB ló sì so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ihò náà bá kọ iṣẹ́, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú kan á yọ ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, kò sì ní pẹ́ pòórá, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń rí kà nínú rẹ̀ kò ju pé nǹkan ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ gbólóhùn náà kì í ṣe ìdájọ́ pé nǹkan kan ti bàjẹ́: ibi tí ọ̀rọ̀ ti já láàárín kọ̀ǹpútà àti ohun tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ ló ń tọ́ka sí, ẹni tó bá sì mọ ibẹ̀ á mọ̀ bóyá okùn ló yẹ kó pààrọ̀, bóyá ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó wá, tàbí bóyá ó ti di dandan kó wọkọ̀ lọ sí Computer Village ní òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà.

Kí USB tó dé, ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀: kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ní ihò róbótó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ihò gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ní ojú 25, módẹ́ẹ̀mù sì ní èyí tó ní ojú 9. Ilé-iṣẹ́ méje, Compaq, DEC, IBM, Intel, Microsoft, NEC àti Nortel, ló fìmọ̀ ṣọ̀kan láti fi ihò kan ṣoṣo rọ́pò gbogbo wọn, oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996 sì ni ìlànà àkọ́kọ́ jáde. Ajay Bhatt, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Intel lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí orúkọ wọn so mọ́ iṣẹ́ náà jù lọ. Ìlànà kejì jáde ní ọdún 2000, ẹ̀kẹta ní ọdún 2008, ihò kékeré tí okùn ṣeé kì bọ̀ yálà ó kọjú sókè tàbí sísàlẹ̀, èyí tó wà lára fóònù òde òní, sì dé ní ọdún 2014. Ìṣọ̀kan yìí rọ ènìyàn lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó di ẹrù tuntun lé kọ̀ǹpútà lórí, nítorí pé nígbà tí ihò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan, kò sídìí láti béèrè ohun tó wọlé, àmọ́ ihò tó gba gbogbo nǹkan kò lè mọ ohun tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ àfi tó bá wádìí rẹ̀. Inú ìwádìí yìí ni gbogbo ẹ̀sùn tí USB ń fi sùn ti ń wá.

Okùn USB tó wọ́pọ̀ ní wáyà mẹ́rin nínú. Méjì ń gbé iná fọ́lítì 5, ọ̀kan ń gbé e lọ, èkejì ń gbé e bọ̀, méjì tó kù sì ń gbé ọ̀rọ̀. Bí fláàṣì bá ṣe wọ ihò, iná á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun náà á sì fa ọ̀kan nínú wáyà ọ̀rọ̀ sókè díẹ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà fi máa mọ̀ pé àlejò dé. Kọ̀ǹpútà á wá pa á láṣẹ pé kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, á béèrè àkọsílẹ̀ ìdánimọ̀ rẹ̀, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é àti irú ohun tó jẹ́, á fún un ní nọ́ńbà ìpè láàárín 1 sí 127, á béèrè ìwọ̀n iná tó fẹ́ lò, lẹ́yìn náà ni yóò wá ètò kékeré tó mọ èdè ohun èlò náà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní dráífà. Gbogbo èyí kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ tó gbéra láti Kétu bá kú lójú ọ̀nà, ohun tí mẹkáníìkì kọ́kọ́ ń béèrè ni ibi tó kú sí, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni gbólóhùn orí kọ̀ǹpútà ń dáhùn fún ẹni tó bá ka á délẹ̀.

Àìsọ̀rọ̀ rárá ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fiyè sí. Bí wọ́n bá so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, tí fóònù ń gba iná, ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà kò dún, tí kò sì fi gbólóhùn kankan hàn, ó ṣeé ṣe gan-an pé okùn náà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún gbígba iná nìkan, tí wáyà ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sí nínú rẹ̀ rárá. Irú okùn bẹ́ẹ̀ kún ọjà nítorí pé kò wọ́n, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Kọ̀ǹpútà kò rojọ́ torí pé ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Wọ́n ti tú ọ̀pọ̀ fóònù palẹ̀ láìnídìí, tó jẹ́ pé okùn ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Gbólóhùn tó wọ́pọ̀ jù ni "USB device not recognized", èyí tó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà mọ̀ pé nǹkan wọlé, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó jẹ́. Bí wọ́n bá ṣí Device Manager, ìyẹn ibi tí Windows ti to orúkọ gbogbo ohun èlò kọ̀ǹpútà sí, wọ́n á rí àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "Device Descriptor Request Failed" àti nọ́ńbà 43. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà béèrè àkọsílẹ̀ ìdánimọ̀, kò sì rí ìdáhùn tó ṣeé kà gbà. Àlàyé tí Windows kọ sábẹ́ nọ́ńbà 43 yìí ń ṣini lọ́nà, nítorí ohun tó sọ ni pé ohun èlò náà ló fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ìṣòro, nígbà tó jẹ́ pé nínú ọ̀rọ̀ USB, ohun èlò náà lè má sọ nǹkan kan rárá, àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux dípò Windows, ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtó ju bẹ́ẹ̀ lọ: nọ́ńbà -110 ń sọ pé kọ̀ǹpútà dúró títí àkókò fi kọjá, nọ́ńbà -71 sì ń sọ pé ìdáhùn wá, ṣùgbọ́n ó wá ní fífọ́. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún atúnkọ̀ǹpútàṣe, torí pé ìdáhùn tó fọ́ sábà máa ń tọ́ka sí okùn tó ti kán nínú, irin ihò tó dọ̀tí tàbí tó ti dípẹtà, tàbí okùn tó gùn kọjá mítà 5 tó jẹ́ òdiwọ̀n USB 2.0. Ní apá Mile 12 àti Àgílítì, níbi tí omi odò Ògùn ti máa ń ya wọlé bí òjò bá pọ̀, kò yani lẹ́nu bí ìpẹtà bá wà lára irin inú ihò kọ̀ǹpútà.

Ọ̀nà àtimọ ẹni tó jẹ̀bi ni pé kí wọ́n máa pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bí fláàṣì kan bá mú irú gbólóhùn kan náà wá nínú kọ̀ǹpútà mẹ́ta, fláàṣì ló kú. Bí fláàṣì mẹ́ta bá kọ̀ nínú ihò kan, tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ nínú ihò kejì kọ̀ǹpútà kan náà, ihò àkọ́kọ́ ló ní àìsàn. Ihò iwájú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú, nítorí pé wáyà kan ló so ó mọ́ màdábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, nígbà tí àwọn ti ẹ̀yìn wà lára màdábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ okùn, ihò àti kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, tí nǹkan wá ṣiṣẹ́, kò tíì mọ ohun tó bàjẹ́.

Gbólóhùn kan wà tí ará Èkó máa ń tètè ṣì túmọ̀, òun ni "Power surge on the USB port". Nínú ìlú tí iná NEPA ti ń wá lójijì tí á sì ba fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n jẹ́, ó rọrùn láti gbà pé iná tó pọ̀ jù ti gba inú wáyà ilé wọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú ihò ló fẹ́ fa iná ju èyí tí ihò lè fún un lọ, kọ̀ǹpútà sì ti gé e kúrò kí nǹkan má baà jóná. Ihò USB 2.0 lè fún ohun èlò ní mílíámpíà 500, ti USB 3.0 lè fún un ní 900, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun èlò kò gbọdọ̀ lò ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ títí kọ̀ǹpútà yóò fi fún un láyè. Háàdì dísíìkì ńlá tí ń yí nínú, pàápàá èyí tí wọ́n so mọ́ àpótí kékeré tó ń sọ ihò kan di mẹ́rin, lè kọjá ààlà yìí, oògùn rẹ̀ sì ni àpótí tó ní okùn iná tirẹ̀. Èyí tó léwu jù ni kí irin inú ihò tẹ̀ títí tí wáyà iná méjèèjì fi kan ara wọn, nítorí náà bí gbólóhùn náà bá ń yọ nígbà tí nǹkan kan kò sí nínú ihò, ó yẹ kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n sì fi tọ́ọ̀ṣì yẹ inú ihò wò kí wọ́n tó kì ohunkóhun bọ̀ ọ́ mọ́. NEPA àti jẹnẹrétọ̀ kò kúkú mọ́wọ́ pátápátá, torí iná tó ń lọ sókè sódò lè sọ àpótí iná inú kọ̀ǹpútà di ọ̀lẹ, ihò á sì máa fúnni ní iná tí kò tó, ṣùgbọ́n irú àìtó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fara hàn bí ohun èlò tó ń já, tó sì ń padà so ara rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀.

Nọ́ńbà 28 àti 10 nínú Device Manager wà ní òpin ìwádìí náà, ihò kò sì sábà lọ́wọ́ nínú wọn. Nọ́ńbà 28 ń sọ pé kọ̀ǹpútà kò ní dráífà ohun èlò náà, 10 sì ń sọ pé ohun èlò náà kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tàbí ẹ̀rọ tí ń ka ìtẹ̀ka mọ́ Windows tuntun. Àkọsílẹ̀ ìdánimọ̀ tí kọ̀ǹpútà ti gbà ṣáájú ló máa wúlò níbí. Lábẹ́ orúkọ ohun èlò nínú Device Manager, ní ibi tí wọ́n kọ Hardware Ids sí, àmì mẹ́rin mẹ́rin ọ̀nà méjì máa ń wà níbẹ̀: VID fún ilé-iṣẹ́, PID fún irú ohun èlò. VID 03F0 jẹ́ ti HP, 046D jẹ́ ti Logitech, Intel sì mú 8086, ìyẹn nọ́ńbà ọpọlọ kọ̀ǹpútà wọn kan tó lókìkí. Ẹni tó bá wá àwọn àmì yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì á mọ ẹni tó ṣe ohun èlò tí orúkọ ara rẹ̀ ti parẹ́, á sì rí dráífà tó bá a mu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé VID 0000 àti PID 0002 ló rí, kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: Windows ló fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí kò rí àkọsílẹ̀ kankan gbà, dráífà kò sì lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn, láìka iye ìkànnì tó ń polówó rẹ̀ sí.

Ẹ̀sùn míì tún wà tí wọ́n máa ń dì mọ́ ihò láìjẹ́ tirẹ̀. Nínú ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò tí INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, lábẹ́ Attahiru Jega, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011, kọ̀ǹpútà alágbèéká, kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tí ń ka ìtẹ̀ka ni wọ́n gbé lọ sí àwọn ibùdó, ìròyìn tó sì gbalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ó ń pẹ́ púpọ̀ kí ẹ̀rọ náà tó gba ìka ẹlòmíràn, títí tí wọ́n fi sún ọjọ́ ìparí síwájú. Ẹ̀rọ tó ń sọ pé ìka kò mọ́ tó ti kọjá ọ̀rọ̀ ihò, torí pé kọ̀ǹpútà ti mọ̀ ọ́n, ó sì ti ń bá a sọ̀rọ̀. Bákan náà ni gbólóhùn tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n fọ́máàtì fláàṣì kí wọ́n tó lè lò ó, èyí tó túmọ̀ sí pé ihò àti fláàṣì ti gbọ́ ara wọn yé, ṣùgbọ́n pé ètò tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà ti dàrú, bóyá torí pé wọ́n fa fláàṣì yọ tàbí pé iná lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Nínú gbogbo gbólóhùn tí ìwé yìí mẹ́nu bà, èyí nìkan ló lè fa àdánù nítorí ìdáhùn tí wọ́n fún un. Àwọn fáìlì sábà máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀, ètò ìgbàfáìlìpadà sì lè rí wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbà kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀, tí wọ́n sì tún wá kọ nǹkan tuntun lé e, ohun tó wà lábẹ́ lè má ṣeé rí mọ́.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá tiẹ̀ tan dé ibi tí yóò ti fi gbólóhùn hàn, ọ̀nà míì wà láti mọ ibi tó kú sí, èyí tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú USB. Láti ìgbà tí IBM ti ṣe kọ̀ǹpútà AT ní ọdún 1984 ni ó ti di àṣà pé kí ẹ̀rọ náà, bó ṣe ń yẹ ara rẹ̀ wò ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀, máa fi nọ́ńbà ìgbésẹ̀ tó dé ránṣẹ́ sí ojú ọ̀nà kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 80. Àwọn tó ń tún màdábọ́ọ̀dù ṣe ní káàdì kékeré tí wọ́n ń fi há inú rẹ̀, tí àmì méjì á sì tàn lójú rẹ̀, àmì tó bá dúró tí kò yí mọ́ ni ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ náà kú sí. Ìtumọ̀ àmì kan náà yàtọ̀ láàárín AMI, Award àti Phoenix tí wọ́n ti kọ ètò ìbẹ̀rẹ̀ fún màdábọ́ọ̀dù, nítorí náà oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ pé ràámù ló kú tàbí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bó bá sì jẹ́ pé 00 tàbí FF ló dúró síbẹ̀ látìgbà tó ti tan iná sí i, lọ́pọ̀ ìgbà ó túmọ̀ sí pé màdábọ́ọ̀dù náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kankan rárá.