Ẹsẹ̀ Tó Ń Dun Dókítà Ló Bí Bàtà Tó Ń Gé Ẹsẹ̀

Ẹni tó bá ti ra bàtà Dr. Martens rí mọ ohun tí ojú ẹsẹ̀ ń rí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Awọ rẹ̀ le gbagidi, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa ha gìgísẹ̀ títí yóò fi bó. Bẹ́ẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dunni ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀!

Lọ́dún 1945, Klaus Märtens, dókítà ọmọ ogun Jámánì, ń fi pákó yọ̀ lórí yìnyín ní òkè Bavaria, ló bá fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe. Bàtà ológun ti le jù fún ẹsẹ̀ náà. Bí ara rẹ̀ ti ń yá, ó rán bàtà tirẹ̀: awọ rírọ̀, sóòlù tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó fi í han Herbert Funck, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ òwò ní 1947. Rọ́bà tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú pa tì sí pápá ọkọ̀ òfuurufú wọn ni wọ́n fi ń ṣe sóòlù. Ta ló ń rà á? Kì í ṣe ọ̀dọ́ onígìtá o. Àwọn ìyá tó ti lé lógójì ọdún ló pọ̀ jù.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti yí padà. Ilé iṣẹ́ Griggs ní Wollaston, tó ń ṣe bàtà òṣìṣẹ́, ra ẹ̀tọ́ sóòlù náà, ó tún gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣe, ó fi òwú yẹ́lò rán an. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1960 ni bàtà náà jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní 1460. Agbélẹ́tà, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Lójú tèmi, Griggs ò jẹ̀bi bí awọ rẹ̀ ṣe le: ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú òjò látàárọ̀ dalẹ́ ò lè máa wá awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Báwo wá la ṣe ń wọ tuntun rẹ̀ tí kò fi ní gé wa lẹ́sẹ̀? Sóòlù kọ́ ló ń dunni. Awọ ni ká bá wí. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ẹ fi ìpara awọ pa á, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, kẹ́ ẹ máa fi rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Bó bá ti ń ta yín, ẹ bọ́ ọ. Ẹ má yá a níná: awọ tó bá gbẹ yóò sán.

Awọ a máa fẹ̀, kì í gùn. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń kan imú bàtà, ẹ má fìyà jẹra yín, ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀.