Eruku ọyẹ́ tó ń bà lórí tábìlì ní Gardnersville: kí ló ń bá lọ sínú òkun?

Ọyẹ́ kì í pẹ́ púpọ̀ ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà. Àmọ́ tó bá dé, ará Gardnersville á nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, eruku á tún ti bò ó. Ti ojú ọ̀nà wà níbẹ̀, ìyẹn kì í rìn jìnnà. Èyí tó kúnná bí àtíkè ló ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, títí kan àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ó ń kọjá lọ sórí òkun Àtìláńtíìkì, tòun ti irin inú rẹ̀.

Kí ni òkun fẹ́ fi irin ṣe?

Ewéko tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí ń léfòó lójú omi. Ẹ̀dá kéékèèké ń jẹ ẹ́, ẹja ń jẹ ẹ̀dá yẹn, ẹja náà ló ń dé inú ọbẹ̀. Ewéko yìí kò lè dàgbà láìsí irin, irin sì ṣọ̀wọ́n lágbami. Níbi púpọ̀, kéèyàn tó rí gíráàmù kan kó jọ, yóò gbọ́n omi tó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lítà lọ.

Wíwọn irin náà gan-an ni wàhálà. Irin ni wọ́n fi kan ọkọ̀ òkun fúnra rẹ̀! Ìdógùn-ún bíńtín tó bá jábọ́ sínú ìgò ti ba iṣẹ́ jẹ́, ìdí nìyí tí iye tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ láyé àtijọ́ fi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Lónìí, àwọn onímọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ àgbáyé GEOTRACES ń lo ìgò oníke, okùn tí kì í ṣe irin, àti yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Alumíníọ̀mù ló máa ń tú àṣírí: níbi tó bá ti pọ̀ lójú omi lágbami, eruku ti bà síbẹ̀.

Ní 2004, ìwé ìròyìn Nature gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti apá ìlà oòrùn Àtìláńtíìkì. Nígbà tí wọ́n fi eruku Sàhárà sínú omi òkun, àwọn ẹ̀dá tó ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ ṣiṣẹ́ sí i, bí ẹ̀wà ṣe ń ṣe fún ilẹ̀ oko.

Èyí kò ní kí apẹja máa gbàdúrà fún ọyẹ́ líle o. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú irin náà ló ń yòrò, èyí tó pọ̀ jù ń rì lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Bàbà tún wà nínú eruku; díẹ̀ rẹ̀ wúlò, àpọ̀jù rẹ̀ ń pa ewéko yẹn.

Eruku náà kì í sì í dúró sójú kan. Ní erékùṣù Barbados, níbi tí wọ́n ti ń wọn eruku tó ń ti Áfíríkà wá láti 1965, ó pọ̀ sí i gidi nígbà ọ̀dá Sahel láwọn ọdún 1970 àti 1980.