Òfin ìsanwó káàdì àwìn ní Amẹ́ríkà

Òfin ìsanwó káàdì àwìn ní Amẹ́ríkà ni àwọn ìlànà tí ó ń sọ ìgbà tí ilé ìfowópamọ́ gbọ́dọ̀ ka owó tí oníbàárà san sí èyí tí ó dé lásìkò, àti apá gbèsè tí ó gbọ́dọ̀ fi owó náà dín kù. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni òfin ọdún 2009 tí a mọ̀ sí CARD Act.

Káàdì àwìn yàtọ̀ sí káàdì ATM. Ẹni tí ó fi káàdì ATM rajà ń ná owó ara rẹ̀. Ẹni tí ó fi káàdì àwìn rajà ń ná owó ilé ìfowópamọ́, yóò sì dá a padà. Bí ó bá san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ ìsanwó tó kọjá, kì í sábà san èlé lórí ọjà tí ó rà. Bí ó bá ṣẹ́kù, èlé yóò máa gun orí rẹ̀.

Ìtàn

Ní ọdún 1978, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ Marquette pé ilé ìfowópamọ́ lè gba iye èlé tí òfin ìpínlẹ̀ tí ó fìdí kalẹ̀ sí gbà láyè, kódà lọ́wọ́ oníbàárà tí ń gbé ìpínlẹ̀ mìíràn. Ní ọdún 1981, Citibank kó iṣẹ́ káàdì rẹ̀ kúrò ní New York lọ sí South Dakota, níbi tí wọ́n ti mú òdiwọ̀n èlé kúrò. Ní ọdún 1996, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ nínú ẹjọ́ Smiley pé owó ìtanràn fún ìpẹ́sanwó pàápàá wà lábẹ́ ìlànà yìí.

Ohun tí ó ń bí àwọn oníbàárà nínú

Ṣáájú ọdún 2010, oníbàárà lè san owó ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, kí wọ́n sì tún kà á sí ẹni tí ó pẹ́. Àwọn ilé ìfowópamọ́ kan fi aago kan ní òwúrọ̀ ṣe òpin ọjọ́ ìsanwó, tí sọ̀wédowó tí ó bá dé lọ́sàn-án fi di èyí tí ó pẹ́. Ọjọ́ ìsanwó lè bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọn kì í gba lẹ́tà. Ìpẹ́sanwó kan ṣoṣo sì lè mú kí èlé gbèsè àtijọ́ lọ sókè.

Òfin ọdún 2009

Carolyn Maloney ni ó gbé àbá òfin náà wá sí Ilé Aṣojú. Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2009, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2010. Lára ohun tí ó là sílẹ̀ ni pé:

- ìwé ìṣirò gbèsè gbọ́dọ̀ jáde ní ó kéré tán ọjọ́ 21 ṣáájú ọjọ́ ìsanwó;
- ọjọ́ ìsanwó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ kan náà lóṣooṣù;
- owó tí ó bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́ dé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù kò pẹ́;
- oníbàárà gbọ́dọ̀ gbọ́ ní ọjọ́ 45 ṣáájú kí èlé tó lọ sókè.

Bí a ṣe ń pín owó tí a san

Ká ní ẹnì kan jẹ $3,000: $2,000 tí kò ní èlé nítorí ẹ̀dínwó ìgbà díẹ̀, àti $1,000 tí èlé rẹ̀ jẹ́ 24% lọ́dún. Iye tí ó kéré jù tí ó gbọ́dọ̀ san ni $60, ṣùgbọ́n ó san $500. Tẹ́lẹ̀, ilé ìfowópamọ́ lè fi gbogbo $500 náà dín gbèsè aláìlélé kù, kí $1,000 sì máa bí èlé tí ó tó $20 lóṣù. Lábẹ́ òfin yìí, $60 nìkan ni ó lè fi sí ibi tí ó wù ú. $440 tí ó kù gbọ́dọ̀ lọ sórí gbèsè tí èlé rẹ̀ ga jù.

Ibi tí òfin náà kò dé

Òfin náà kò fi òdiwọ̀n sí iye èlé, kò sì kan ọ̀pọ̀ káàdì tí a gbà fún òwò. Bí ọjọ́ ìsanwó bá bọ́ sí ọjọ́ tí wọn kì í gba lẹ́tà, owó tí ó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ dé ní ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e kò pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àǹfààní yìí bí ilé ìfowópamọ́ bá ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí oníbàárà kò bá sì tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n kọ fún un, bí àdírẹ́sì tí ó yẹ kí ó fi owó ránṣẹ́ sí, ilé ìfowópamọ́ tí ó gba owó náà ní ọjọ́ márùn-ún kí ó tó kà á sí èyí tí a san.