Kọ́bánì: Ṣé Ẹbọ Ni àbí Ààlè?

Tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àgbò á gbòde láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Agó-Ìwòyè. Ọjọ́ kẹta ọdún, ó di Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kìràkìtà ọjọ́ náà kì í jẹ́ kí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bá àwọn Mùsùlùmí jẹran rántí pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Tọ́kì fi ń pe Iléyá, ìyẹn Kurban, wà nínú Bíbélì tirẹ̀ náà. Òun ni Kọ́bánì inú Máàkù 7:11.

Àtèdè Hébérù àtèdè Árámáíkì tí Jésù ń sọ ló ni ín. “Sún mọ́” ni gbòǹgbò rẹ̀ ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè Lárúbáwá: qurbān ni Àlùkùránì pe ohun tí ọmọ Ádámù méjèèjì gbé wá síwájú Ọlọ́run. Kò dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣàn. Nínú Léfítíkù, ìyẹ̀fun tí wọ́n da òróró sí ń jẹ́ kọ́bánì.

Ṣọ́ọ̀ṣì gbilẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ti 1892. Bíbélì tí Àjàyí Crowther léwájú ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kà, ẹbọ ló sì kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu babaláwo tipẹ́. Mi ò dá àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ wo ni wọn ì bá tún lò? Àmọ́ oríta ni ẹbọ máa ń gbé ọkàn wa lọ.

Ti Máàkù tún wá yàtọ̀. Ọmọ kan kò fẹ́ bọ́ òbí rẹ̀, ó ní “Kọ́bánì ni”: ohun tí ẹ̀ bá jẹ lára mi ti di ti Ọlọ́run. Ó ti búra nìyẹn, ohun náà sì lè wà nílé rẹ̀ síbẹ̀.

Wọ́n rí àpótí òkúta kan nítòsí Jerúsálẹ́mù, irú èyí tí wọ́n ń kó egungun òkú sí láyé Jésù. Èdè Árámáíkì ni wọ́n kọ sí ìdérí rẹ̀, pé èrè yòówù tí èèyàn bá rí níbẹ̀, kọ́bánì ni fún Ọlọ́run láti ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Olè ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó bá ti rí igi ìdáná tí wọ́n so àkísà mọ́ lẹ́bàá ọ̀nà oko á ti mọ irú ọ̀rọ̀ yìí: ààlè ni. Ọmọ inú Máàkù náà pààlè sóhun ìní rẹ̀, ìyá àti bàbá rẹ̀ ló fi ṣe olè.