Gìgísẹ̀ Tí Ń Dunni Ní Òwúrọ̀: Ìtọ́jú Rẹ̀ Fún Ẹni Tí Kì í Jókòó Sójú Kan

Lórúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.   Ọ̀rọ̀ ìlera ni a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, nítorí pé ara yìí náà ni a fi ń sin Ọlọ́hun.

Ẹlòmíràn á dìde lórí ibùsùn ní àsìkò sààrì, bí ó bá ti fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ báyìí, àfi bí ẹni tó tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ ní gìgísẹ̀. Á tiro dé ìdí omi àlùwàlá. Bí ó bá rìn díẹ̀, ìrora náà á rọlẹ̀. Bí ó bá jókòó pẹ́, tí ó tún dìde, ó tún dé nìyẹn. Plantar fasciitis ni àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí. Kì í ṣe pé ẹnì kan gbé oògùn sílẹ̀ tí a fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí á yé fura sí aládùúgbò wa nítorí gìgísẹ̀.

Kí ló ń fà á? Iṣan líle kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti egungun gìgísẹ̀, ó nà dé ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Òun ló mú àtẹ́lẹsẹ̀ dúró, bí ọsán ṣe ń mú ọrun. Bí ẹrù tí a gbé lé e bá ju èyí tó ti mọ́ ọn lára lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ níbi tí ó ti so mọ́ gìgísẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń mú àwọn tí ń sáré, àwọn agbábọ́ọ̀lù, àti àwọn tí ń dúró láti àárọ̀ dalẹ́, bí ọlọ́jà, tíṣà àti nọ́ọ̀sì. Ara tó wúwo àti bàtà tó ti jẹ tán a máa dá kún un. Bí fọ́tò bá sì fi hàn pé egungun yọ ṣóńṣó ní gìgísẹ̀, kí ẹ̀rù má bà wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní i tí kò dùn wọ́n rárá.

Ọ̀kan nínú àwa tí a ń ṣe ètò yìí ti rí i rí. Ó máa ń sáré lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ọkùnrin ni òun, ó ń fi agídí sá a lọ. Nígbà tí kò lè sáré mọ́, ó sinmi pátá fún ọ̀sẹ̀ 3. Ìrora lọ, ó padà sórí pápá lọ́jọ́ kan náà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá a nínú ìrora. Agídí kò wò ó, ìsinmi nìkan kò wò ó. Iṣan tí a kò lò kì í lágbára. Ohun tó wò ó nìyí:

Èkíní, ẹ dín ẹrù ẹsẹ̀ kù, ẹ má dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ gígùn tàbí odò lílúwẹ̀ẹ́ rọ́pò eré sísá fúngbà díẹ̀. Bí ìrora òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bá pọ̀ ju ti àná lọ, a ti ṣe é jù.

Èkejì, ẹ máa na iṣan náà kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀ láàárọ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún kejì, ẹ fi ọwọ́ fa ọmọ ìka rẹ̀ sọ́dọ̀ ojúgun, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí iṣan náà lágbára. Ẹ dúró létí àtẹ̀gùn, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ọmọ ìka, ẹ di nǹkan mú. Ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀méjìlá. Ọjọ́ kan ṣe é, ọjọ́ kan sinmi. Ìwádìí kan láti Denmark, tó jáde ní ọdún 2014, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù 3, ara àwọn tó ṣe èyí yá ju ti àwọn tó kàn ń na iṣan lọ. Nígbà tó pé ọdún kan, wọ́n ti dọ́gba.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yé fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí táìsì, ẹ fi sálúbàtà pẹlẹbẹ sílẹ̀. Bàtà tí inú rẹ̀ rọ̀, tó sì gba gìgísẹ̀ dúró ni kí ẹ wọ̀, títí kan inú ilé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ lè yí ike omi dídì lábẹ́ ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Oògùn ìrora bí ibuprofen kò yẹ inú òfìfo. Lẹ́yìn ìṣínu tí a ti jẹun ni. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó bi dókítà kọ́kọ́.

Ìrun àṣàmù ńkọ́? Àwọn ará wa kan ń tijú àga. Nígbà tí jẹ̀díjẹ̀dí ń ṣe Imrān ọmọ Husain, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) yọ̀ǹda fún un láti jókòó kírun bí kò bá lè dúró. Àṣàmù sì jẹ́ àṣegbọrẹ. Ẹ fi agbára dúró fún ọ̀ranyàn, kí ẹ jókòó níbi tí ìrora bá ti pọ̀ nínú àṣàmù. Àìlera kọ́ ni ìgbàgbọ́ tó dínkù.

Ẹ má kánjú. Ọ̀pọ̀ ló ń gbádùn láàárín ọdún kan láìṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, bí ó bá wú, bí ibà bá wà níbẹ̀, bí ó bá já “pọ́ọ̀” lójijì, tàbí tí ẹni náà bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí á tiro wọ yídì. Àmín. Wassalaamu alaykum.