Títẹ Ìlú Dó Sórí Ahoro

Bí àgbàlagbà bá bá ọmọdé nídìí eré orí kọ̀ǹpútà, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé kí ọmọ náà lọ kàwé. Èmi pẹ̀lú ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ilé rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ọgbà àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ní Ìsọlọ̀, mo bá ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 17, nídìí eré kan tí wọ́n ń pè ní Fallout 4. Mo ní kí n wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ilẹ̀ ṣú bá mi níbẹ̀. Ohun tí ó dá mi dúró ni pé, ní gbogbo àkókò náà, ọmọ yìí kò yìnbọn fún ẹnikẹ́ni. Ìlú ni ó ń tẹ̀ dó.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Iléeṣẹ́ Bethesda Game Studios ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ṣe é, ó sì jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2015. Àkọ́kọ́ nínú ìdílé eré yìí ti jáde láti 1997. Nínú ìtàn rẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2077, àwọn orílẹ̀-èdè ayé ju àdó olóró lu ara wọn, ayé sì bàjẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ń ṣe eré náà, pẹ̀lú ọkọ tàbí aya rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn, sá wọ ihò kan tí a gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè Boston. Àwọn tí ó ni ihò náà kò gbà wọ́n là lásán. Ńṣe ni wọ́n sọ wọ́n di yìnyín bí ẹja tí a kó pamọ́ fún ọjà ọ̀la. Nígbà tí ẹni wa yóò fi jáde síta ní 2287, 210 ọdún ti kọjá, wọ́n ti pa ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n sì ti gbé ọmọ lọ. Wíwá ọmọ náà ni ó yẹ kí ó jẹ ẹ́ lógún. Ṣùgbọ́n eré yìí kò fi okùn fa ènìyàn. Ibi tí ó bá wù wá ni a lè gbà lọ, ohun tí ó bá sì wù wá ni a lè fi ọjọ́ wa ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́wọ́ fún mi pé òun kò rántí ọmọ tí wọ́n gbé lọ náà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo ìbẹ̀rẹ̀ eré náà. Ìgbàkígbà tí ọmọ rẹ̀ bá tún un bẹ̀rẹ̀, tí fèrè ìkìlọ̀ bá dún, tí àwọn ènìyàn bá ń sáré, yóò dìde, yóò jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, iná ran ilé ìkóhun-ìjà-sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà, àwọn àdó inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá, wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń sá sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn já sí odò Òkè-Afá ní Ìsọlọ̀ nínú òkùnkùn. Ewéko ti bo ojú omi náà, wọ́n sì rò pé ilẹ̀ ni. Ó kéré tán, àwọn tí ó kú ní ọjọ́ náà tó 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Kò sí ihò abẹ́ ilẹ̀ kankan tí ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Nítorí náà, bí mo ti ń pe ọ̀rọ̀ yìí ní eré, kí ẹ má rò pé n kò mọ̀ pé àwọn kan wà ní àdúgbò yẹn tí kò lè fi í ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìtẹ̀dó. Ẹni wa yóò pàdé ènìyàn márùn-ún tí ogun lé kúrò ní Quincy. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Preston Garvey ni ó ṣáájú wọn. Tọkọtaya kan tí ọmọ wọn ti kú wà níbẹ̀, ìyá àgbà kan tí ń ríran wà níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ kan sì wà níbẹ̀. Wọn a kó lọ sí àdúgbò tí ẹni wa ń gbé kí ayé tó bàjẹ́. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn kọ̀ọ̀kan nílò oúnjẹ kan, omi kan àti ibùsùn kan. Pọ́ńpù àfọwọ́fà kan ń fún ènìyàn mẹ́ta ní omi. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo lè bọ́ ènìyàn mẹ́fà. Bí oúnjẹ àti omi bá ti pọ̀, olè yóò gbọ́. Nítorí náà ààbò ìlú, ìyẹn àwọn olùṣọ́ àti ìbọn tí ń dá yìn, kò gbọdọ̀ kéré sí àpapọ̀ oúnjẹ àti omi. Mo fẹ́ràn ìṣirò yẹn púpọ̀. Àwọn tí ó mọ odi yí ìlú ká láyé àtijọ́ mọ̀ ọ́n láìlo kọ̀ǹpútà. Bí a bá sì gbé ẹ̀rọ rédíò kan dúró, àwọn àlejò yóò máa gbọ́ ìpè, wọn yóò máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi tó bí 15 tàbí 20. Nǹkan bí 30 ni ibi tí a lè tẹ̀ dó bẹ́ẹ̀ nínú eré náà.

Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń ná bí owó. Ọmọ náà rò pé ìyẹn yóò yà mí lẹ́nu. Mo bi í bóyá ó mọ ohun tí àwọn baba ńlá wa ná kí ṣílè tó dé, àti bóyá ìkarawun inú òkun sàn ju ìdérí ìgò lọ. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ní tòótọ́ ni jẹnẹrétọ̀ wọn. A ó gbé e kalẹ̀, a ó fa wáyà, iná yóò tàn, kò sì ní kú láéláé, nítorí kì í mu epo! Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ni mo ń gbọ́ láti ojú fèrèsé ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kan sì ń kọ́ ikọ́ bí arúgbó nítorí pé epo rẹ̀ fẹ́ tán.

Níbo ni a ti ń rí ohun tí a fi ń kọ́lé? Nínú ahoro fúnra rẹ̀ ni. Eré náà fún ènìyàn ní àṣẹ láti fọ́ ohun gbogbo tí ó bá rí: ilé tí ó ti wó, ọkọ̀ tí ó ti dípẹtà, àga, ife, ohun ìṣeré ọmọdé. Ilé wíwó a di pákó àti irin, fáànù orí tábìlì a di ṣúkúrù. Ṣúkúrù ṣọ̀wọ́n, nítorí náà bí ọmọ yìí bá rí fáànù, ojú rẹ̀ a máa dán.

Ibi tí a dé yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ti dá sí i. Ọdún 11 ni ó fi tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe ní iléeṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọjà aṣọ dára ní nǹkan bí 1980 sí 1990, iléeṣẹ́ ìhunṣọ ní Nàìjíríà ju 100 lọ. Lẹ́yìn náà ni aṣọ ilẹ̀ òkèèrè tí kò wọ́n ń gba ibodè wọlé, iná ọba kò dúró, epo dúdú tí wọ́n fi ń dáná ẹ̀rọ gbówó lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí iléeṣẹ́ tirẹ̀ kú, wọn kò san owó àwọn òṣìṣẹ́ tán. Ó lọ béèrè tirẹ̀ ní ọjọ́ kan, ó sì bá àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù nínú ọgbà, wọ́n ń fi iná gáàsì gé àwọn ẹ̀rọ náà, wọ́n ń wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n, wọ́n ń kó wọn sórí ọmọlanke. Àwọn ẹ̀rọ tí ó ń fi òróró sí ní àràárọ̀ ni. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ó ti ń fọ́ fáànù, ó ní, “Àbúrò, bí ènìyàn bá ti mọ iye ṣúkúrù tí ó wà nínú ẹ̀rọ kan, kì í pẹ́ kí ó tó fọ́ ọ.” Ọmọ náà dáhùn pé, “Ẹ má bínú, Dádì. Kò sí ẹni tí ó ni ín mọ́ ni.” Bàbá rẹ̀ kò fèsì.

Èmi ni n kò lè gbàgbé èsì ọmọ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ahoro kì í ṣe kékeré nínú ìtàn tiwa. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí 1835, tí ogun Òwu sì ti fọ́ ìlú àwọn Ẹ̀gbá káàkiri ṣáájú ìgbà náà, ilẹ̀ Yorùbá kún fún ahoro àti fún ènìyàn tí ó ń ru ẹrù kiri. Ní nǹkan bí 1829, àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ dó sí abúlé Ẹ̀gbá kan tí àwọn ará ibẹ̀ ti sá kúrò. Ìbàdàn ni abúlé náà. Wọ́n ní omi, wọ́n ní oúnjẹ, ààbò wọn sì ju ti ìlú èyíkéyìí lọ, ìyẹn ni pé bí a bá fi ìṣirò inú eré yìí wò ó, kò yẹ kí ìdààmú bá wọn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí gbọ́nmi-si-omi-ò-to fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ lórí ẹni tí yóò pàṣẹ fún ẹnìkejì. Wọ́n lé Máyẹ̀, olórí àwọn Ifẹ̀, jáde. Ó di ogun Gbánámú. Ọwọ́ Ọ̀yọ́ sì ni ìlú wà láti ìgbà náà. Àwọn tí ó ṣẹ́kù wá dá irú ètò kan sílẹ̀ tí kò wọ́pọ̀: oyè kì í ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ, a máa ń gùn ún ní ìpele ìpele.

Àwọn Ẹ̀gbá tí ó wà ní àgọ́ yẹn rí i pé ibẹ̀ kò gba àwọn. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn lọ sí abẹ́ Olúmọ. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ti ṣe é. Wọn kò da ara wọn pọ̀ bí àgbàdo inú apẹ̀rẹ̀. Aké, Gbágùrá àti Òkè-Ọnà dó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìjẹmọ̀, Ìkìjà àti àwọn ìlú kéékèèké yòókù mú orúkọ wọn àtijọ́ dání, pẹ̀lú àwọn Ògbóni wọn àti àwọn olóyè wọn. Nígbà tí àwọn Òwu dé lẹ́yìn wọn, a fún àwọn náà ní ibi tiwọn. Ẹni tí ó bá rin Abẹ́òkúta lónìí ṣì ń rin inú àwọn ìlú tí ogun fọ́ ní 200 ọdún sẹ́yìn. Ní Ifẹ̀ ẹ̀wẹ̀, a fún àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé wá ní ilẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti ohun tí àlejò gbọ́dọ̀ san kò yanjú. Ó sì ṣì ń pa ènìyàn láàárín 1997 sí 2000.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ náà. N kò sọ ọ́ láti tàbùkù eré rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é ronú. Ní oko ìdílé Abernathy, fún àpẹẹrẹ, kò sí ohun tí a lè kọ́ àfi bí a bá kọ́kọ́ ran àwọn onílé lọ́wọ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbà, a lè pàṣẹ fún wọn bí ó ti wù wá, a lè ní kí bàbá lọ ṣọ́ ẹnubodè, kò sì ní jiyàn. Àwọn márùn-ún tí ó wá láti Quincy ní orúkọ àti ìtàn; àwọn tí rédíò pè wá kò ní. Orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jẹ́: Olùtẹ̀dó. Wọn kì í bèèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí wọ́n sùn sí. Wọn kì í yan baálẹ̀. Eré náà ń fi iye kan láti òdo sí 100 sọ bí inú wọn ti dùn tó, ibùsùn abẹ́ òrùlé sì máa ń gbé e sókè, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó jẹ mọ́ ẹni tí ibùsùn ènìyàn kángun sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo tún gba Ìsọlọ̀ kọjá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, èrò sì pọ̀ ní ọjà Aswani, ọjà tí ó ń jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ ìhunṣọ. Aṣọ tí wọ́n kó wá láti ibòmíràn ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí wá wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ti wó ilé gbọọrọ tí ó kó gbogbo ènìyàn rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ó ti kọ́ agbo ilé mẹ́ta, ó pín wọn, ó fi aṣọ dá ará agbo ilé kọ̀ọ̀kan mọ̀, ó sì kọ orúkọ tí ó fún wọn sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ àtijọ́, nítorí pé eré náà kò gbà á láyè láti kọ ọ́ sára wọn. Iṣẹ́ náà gbà á ní òru mẹ́rin.

Mo bi í pé, iye inú dídùn wọn ńkọ́? Ó ní 78 ni tẹ́lẹ̀, 78 náà ni títí di ìsinsìnyí.