Ẹ̀YIN ONÍGÉÈMÙ ÀFỌWỌ́GBÉ, Ẹ WO KÁSẸ́Ẹ̀TÌ KÍ Ẹ TÓ NÁWÓ!

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀ta ayò, ọ̀tọ̀ ni òpè. Bí òpè bá jókòó ti ọpọ́n, ọmọ ayò tó ń dán ló máa ń wò. Ọ̀ta ò ráyè ìyẹn, iye tó wà nínú ihò ló ń kà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wá géèmù àfọwọ́gbé ayé ọjọ́sí kiri Sùúrùlérè, Yaba àti Mushin, ìyẹn irú èyí tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lẹ́yìn. Òpè á rí ẹ̀rọ tó ń tàn yanranyanran, á kówó sílẹ̀. Ìgbà tó bá délé, tó fẹ́ ki kásẹ́ẹ̀tì tó ti wà nínú àpótí láti ọdún gbọọrọ bọ̀ ọ́, kò ní wọlé. Tó bá sì wọlé, ẹ̀rọ ò ní dáhùn. Owó ti lọ nìyẹn!

Àwọn tó dàgbà l'Ékòó láàárín 1990 sí 2000 á rántí 'Brick Game', èyí tí búlọ́ọ̀kù ń já bọ́ láti òkè, tí wọ́n á máa tò ó kó má baà kún. Tetris tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow lọ́dún 1984 ni wọ́n wò ṣe é. Ṣùgbọ́n 'Brick Game' ò ní kásẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n bá ti dì sínú ẹ̀ náà ni. Ẹni tó bá ń wá oníkásẹ́ẹ̀tì, ìdílé Game Boy ni kó lọ wò.

Iléeṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan ló gbé Game Boy jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1989. Gunpei Yokoi wà lára àwọn tó ṣe é. Ìlànà ọkùnrin náà ni pé nǹkan tí owó ẹ̀ ò pọ̀, tí wọ́n ti mọ̀ dunjú, sàn ju nǹkan ìgbàlódé tó ń gbówó lórí lọ. Àwọn orogún ẹ̀, Atari Lynx àti Sega Game Gear, ní àwọ̀ mèremère, wọ́n sì ní iná nínú. Àmọ́ fìńgà bátìrì mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń gbé mì, bí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ń mu pẹtiróòlù. Mẹ́rin péré ni Game Boy ń lò, ó sì ń pẹ́ jù wọ́n lọ dáadáa. Òun àti àbúrò ẹ̀, Game Boy Color, tà ju mílíọ̀nù 118 lọ lágbàáyé.

KÁSẸ́Ẹ̀TÌ WO LẸ NÍ NÍLÉ?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìbéèrè. Game Boy ti 1989 ń gba kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú àti èyí tó dúdú. Àmọ́ èyí tí ara ẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, Game Boy Color ti 1998 ni wọ́n ṣe é fún, ti àkọ́kọ́ ò lè ta á. Color ní tiẹ̀ ń ta gbogbo wọn. Nígbà tó di 2001, Game Boy Advance dé pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì kúkúrú, ó sì tún ń ta àwọn ti àtijọ́. Advance SP tó dé ní 2003 ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ó tún ṣeé pa dé bíi ìwé, ó ní iná, ó sì ń gba ṣáàjì. Àléébù ẹ̀ ni pé kò ní ihò íyapíìsì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti lè ṣìnà rèé o. Game Boy Micro ti 2005 kéré, ó wuyì, àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì Advance nìkan ló ń gbà. Nintendo DS ti 2004 àti DS Lite ti 2006 ní ihò fún ti Advance, wọn ò sì lè ta ti Game Boy àtijọ́ rárá. DSi tó tẹ̀ lé wọn ò tiẹ̀ ní ihò náà mọ́. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù ló wà nínú wọn ńkọ́? Ẹ yí wọn sẹ́yìn wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò níhò kásẹ́ẹ̀tì kankan. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá tó o lè ra Analogue Pocket, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2021. Ó ń ta kásẹ́ẹ̀tì Game Boy, Color àti Advance, àmọ́ dọ́là 199 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀.

"BỌ̀DÁ, OJÚLÓWÓ NI!"

Ẹni tó bá ti ra ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládípọ̀, ní Mushin, mọ̀ pé tòkunbọ̀ ojúlówó sàn ju tuntun ayédèrú lọ. Ẹ̀kọ́ yẹn náà ló wà níbí. Èèpo ara géèmù ṣeé pààrọ̀, wọ́n sì lè fi tuntun bo pánẹ̀ẹ̀lì tó ti jẹrà. Ẹ ṣí ilé bátìrì ẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí àwọ̀ ewé tó gan mọ́ irin ibẹ̀, bátìrì ti ṣomi sí i rí nìyẹn. Tó bá jẹ́ díẹ̀, fíníga lórí òwú lè nù ún. Tó bá ti dé inú pánẹ̀ẹ̀lì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Tó bá jẹ́ SP ni, ẹ tẹ bọ́tìnì iná ẹ̀. Bí iná bá kú pátápátá, irú àkọ́kọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń ti iwájú wá ni. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń lọ sókè sódò, tí kò kú, irú 2005 tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ ni, nọ́ńbà AGS-101 ló sì yẹ kó wà lẹ́yìn ẹ̀. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ o, wọ́n lè ti pààrọ̀ ojú ẹ̀ tàbí èèpo ẹ̀.

INÁ TIWA KÌ Í ṢE TI AMẸ́RÍKÀ

Ọ̀pọ̀ géèmù tòkunbọ̀ ló ń bá ẹrù àwọn ará òkè òkun wọlé. Bí SP bá ti Amẹ́ríkà wá pẹ̀lú ṣájà ẹ̀, ẹ má kàn kì í bọ iná! Volt 120 ni wọ́n ṣe ṣájà ọ̀hún fún. Iná wa níbí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní NEPA bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti kógbá wọlé láti 2005, volt 230 sí 240 ni. Èéfín lẹ máa rí. Ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà ni kí ẹ kà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹni tí iná àdúgbò ẹ̀ ò bá sì dúró lè yan Color tàbí Advance tó ń lo fìńgà bátìrì méjì.

ÀTÚNṢE TÓ LÓJÚTÙÚ

Game Boy ti àkọ́kọ́, Color àti Advance ò ní iná lójú. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń pààrọ̀ ojú wọn sí irú tuntun tí wọ́n ń pè ní IPS. Ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń jẹ bátìrì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì lè gba pé kí wọ́n gé lára èèpo inú kó tó wọlé. Ohun tí wọ́n bá ti gé, kò ṣeé dá padà mọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé kó kó ojú àtijọ́ àti gbogbo súkúrù fún yín padà. Súkúrù ọ̀hún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, súkúdíráfà lásán á kàn jẹ ẹ́ lórí ni. Kásẹ́ẹ̀tì tí kò bá sọ̀rọ̀, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ń mú irin dípẹtà. Òwú àti isopropyl alcohol tí àwọn atúnfóònùṣe ń lò ni kí ẹ fi nu ẹnu ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ká ni lára jù lọ ló kù yìí. Nínú ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì Game Boy, irú bíi Pokémon, bátìrì kan wà tó pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀. Òun ló ń tọ́jú ibi tí wọ́n ta géèmù dé. Orúkọ tí ẹ̀gbọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀ kó tó rìnrìn àjò, tàbí kó tó papò dà, lè ṣì wà níbẹ̀ dòní. Bátìrì yẹn ń kú díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá sì yọ ọ́ láti fi tuntun sí i, gbogbo ẹ̀ máa pa rẹ́, kò sí oníṣègùn tó lè jí i. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi da ohun inú kásẹ́ẹ̀tì kọ pamọ́. Kí wọ́n tó fi àyọ́n gbígbóná kan bátìrì, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Bí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ gba kásẹ́ẹ̀tì yín lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ dìde.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́jà, kásẹ́ẹ̀tì tó wà nílé ni kí ẹ mú dání. Ẹ kì í bọ ẹ̀rọ lójú ẹni tó ń tà á, ẹ ta á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á, ẹ tún tàn án, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ló máa ń le koko.